Ìgbàrà Wo? Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Dá Orúkọ Kan Náà Mọ̀ Nínú Àtẹ Méjì

Bí àlejò kan bá dé ibùdókọ̀ ní Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, tí ó sì wí fún awakọ̀ pé Ìgbàrà ni òun ń lọ, awakọ̀ náà kò ní í gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi bi í pé, "Ìgbàrà wo?" Kì í ṣe pé etí awakọ̀ náà di, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé kò mọ ọ̀nà, mímọ̀ tí ó mọ ọ̀nà gan-an ni ó mú un bèèrè, nítorí pé Ìgbàrà-Òkè, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, wà ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Iléṣà, Ìgbàrà-Odò sì wà lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Èkìtì, ẹni tí ó bá sì sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kan nígbà tí ó jẹ́ pé èkejì ni wọ́n ti ń retí rẹ̀, ojú ọ̀nà ni ilẹ̀ yóò ṣú u sí.

Láti ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé ọdún 1976 tí ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, títí di ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1996 tí a yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára rẹ̀, abẹ́ ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ni ìlú méjèèjì wà, akọ̀wé tí ó bá sì kọ "Ìgbàrà" lásán sínú ìwé ìjọba nígbà náà, iṣẹ́ ni ó dá sílẹ̀ fún ẹni tí yóò ka ìwé náà lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ ìpínlẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Ọ̀wọ̀ lè wí pé ọmọ Oǹdó ni òun, ọmọ Òkìtìpupa náà lè wí bẹ́ẹ̀, kí àwọn méjèèjì má sì parọ́, nítorí pé ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ní ọmọ Oǹdó Ẹkímọ̀gún ni òun, iyèméjì ti tán, ìlú ni ó ń wí. Oríkì ni ó pààlà sáàárín ìlú àti ìpínlẹ̀.

Irú ìbéèrè awakọ̀ yẹn ni kọ̀ǹpútà náà máa ń bèèrè. Ìbéèrè tí orí yìí fẹ́ dáhùn ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bi mí nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan iṣẹ́ àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà: báwo ni ẹ̀rọ tí ó lè ṣírò ohun tí gbogbo ilé ìwé kan kò lè ṣírò láàárín ọdún kan, ṣe lè kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò mọ "orúkọ" tí a ní kí òun mú wá, nígbà tí ó jẹ́ pé iwájú rẹ̀ ni orúkọ náà wà?

Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a fún àwọn ohun èlò rẹ̀ lórúkọ, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àká àkọsílẹ̀ ni n ó máa pe ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ìwífún pamọ́ sí létòlétò, nítorí pé bí àgbẹ̀ ti ń to àgbàdo sínú àká kí ó má baà wá a tì nígbà tí ebi bá dé ni ẹ̀rọ náà ń ṣe. Inú àká yìí ni àwọn àtẹ wà. Àtẹ kọ̀ọ̀kan dà bí ojú-ewé ìwé tí a fi rúlà fà: èyí tí ó nà gbalaja láti òsì sí ọ̀tún ni ìlà, ìlà kan fún ènìyàn kan tàbí fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan, èyí tí ó dúró ṣánṣán láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni òpó, òpó kọ̀ọ̀kan sì dé orúkọ rẹ̀ lórí bí ẹni dé fìlà. Ohun tí a bá kọ fún ẹ̀rọ pé kí ó bá wa wá ni ìbéèrè, èdè tí a sì ń fi kọ ọ́ jù lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní SQL. Bí ohun tí a ń wá bá wà nínú àtẹ méjì, a ó ní kí ẹ̀rọ ṣe ìsopọ̀, ohun tí yóò sì fi mọ ìlà tí ó tọ́ sí ìlà ni kọ́kọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù, kò sì jẹ́ àjèjì sí ẹni tí ó bá ti kọ́ gírámà Yorùbá: ọ̀rọ̀ tí ó ní ju ìtumọ̀ kan lọ ni àwọn olùkọ́ wa ń pè ní ọ̀rọ̀ pọ́n-na, a ó sì yá a lọ́wọ́ wọn.

Ẹ fi ojú inú wo oníṣòwò kan tí ó ń ra kòkó ní Ìgbàrà-Òkè. Ìwé méjì ni ó wà lórí tábìlì rẹ̀. Ìwé kìíní, tí ó pè ní Àgbẹ̀, ni ó kọ àwọn tí ó ń ta kòkó fún un sí: nọ́ńbà tí ó fún olúkúlùkù, orúkọ rẹ̀, ìlú tí ó ti wá, àti ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wá forúkọ sílẹ̀. Ìwé kejì, tí ó pè ní Ìwọ̀n, ẹ̀gbẹ́ òṣùwọ̀n ni ó máa ń wà, eruku kòkó sì ti bà á jẹ́ ní etí. Ibẹ̀ ni a ń kọ nọ́ńbà àgbẹ̀ tí ó gbé àpò wá sí, orúkọ akọ̀wé tí ó wọn kòkó náà, ìlú tí ilé ìtajà wà, ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n, àti iye kílò. Òpó mẹ́rin ni ìwé kìíní ní, márùn-ún ni èkejì ní, ẹ sì kíyè sí i pé nọ́ńbà, orúkọ, ìlú àti ọjọ́ ni ó wà lórí méjèèjì. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀. Nínú ìwé Àgbẹ̀, orúkọ ta ni yóò tún jẹ́ bí kò ṣe orúkọ àgbẹ̀? Nídìí òṣùwọ̀n pẹ̀lú, akọ̀wé mọ̀ pé ibi tí òun ń fọwọ́ sí ni. Ilé méjì ni, olúkúlùkù wọn sì ní ẹ̀tọ́ láti ní Táíwò tirẹ̀.

Nígbà tí ilé méjèèjì bá pàdé ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Oníṣòwò wa gbé ìwé méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà, ó sì bèèrè pé kí ẹ̀rọ so wọ́n pọ̀, kí ó lè mọ iye tí yóò san fún olúkúlùkù. Ẹ̀rọ mú ìlà kan nínú Ìwọ̀n: nọ́ńbà 27, Kẹ́hìndé, Ìgbàrà-Òkè, ọjọ́ 14 oṣù Bélú, kílò 190. Ó fi 27 ṣe kọ́kọ́rọ́, ó lọ sínú Àgbẹ̀, ó rí ìlà tí nọ́ńbà 27 wà: Táíwò, Ìjàrẹ́, ọjọ́ 2 oṣù Ògún. Ó gbé ìlà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí alágbàṣe tí ń to bíríkì, ó di ìlà gígùn kan, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìlà yòókù. Àtẹ tuntun tí ó bí yìí ní òpó mẹ́sàn-án, méjì ń jẹ́ nọ́ńbà, méjì ń jẹ́ orúkọ, méjì ń jẹ́ ìlú, méjì ń jẹ́ ọjọ́. Bí oníṣòwò bá wá wí pé, "Mú orúkọ àti kílò wá fún mi," kílò kò ní wàhálà, ọ̀kan ṣoṣo ni ó wà. Ṣùgbọ́n orúkọ, ti Táíwò tí ó ni kòkó ni, tàbí ti Kẹ́hìndé tí ó wọ̀n ọ́n? Ẹ̀rọ yóò dá iṣẹ́ dúró, yóò sì kọ ọ́ síta pé orúkọ òpó náà jẹ́ pọ́n-na. Àwọn ètò tí ń tọ́jú àká àkọsílẹ̀, bíi PostgreSQL, MySQL àti SQLite, olúkúlùkù ní bí ó ti ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wí. Oracle tilẹ̀ fún ẹ̀sùn náà ní nọ́ńbà, ORA-00918, èyí tí àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà mọ̀ bí ẹni mọ nọ́ńbà ilé wọn.

Ẹni tí ó bá ní ìbínú díẹ̀ yóò sọ pé, "Ó ṣe tán, owó àgbẹ̀ ni mo ń ṣírò, ṣé kò yẹ kí ẹ̀rọ mọ̀ pé orúkọ àgbẹ̀ ni mo ń wí?" Ènìyàn ìbá mọ̀ ọ́n lóòótọ́, nítorí pé ènìyàn mọ ohun tí owó jẹ́, ó sì mọ ohun tí àgbẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rọ kò mọ̀ wọ́n. Ohun tí ó tilẹ̀ tún ṣe pàtàkì ju èyí lọ ni pé kí ẹ̀rọ tó ṣí ojú wo ìlà kan ṣoṣo nínú àtẹ ni ó ti ń ṣe ìdájọ́ orúkọ: ó kọ́kọ́ ń ka ìbéèrè wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń wá ilé tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti jáde wá, bí awakọ̀ ti ń bèèrè ibi tí èrò ń lọ kí ó tó fi kọ́kọ́rọ́ sí ọkọ̀. Bí orúkọ kan kò bá ní ilé, ó kọ̀. Bí ó bá ní ilé méjì, ó kọ̀. Èmi gbà pé ó ṣe dáadáa. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó bá ń fi àbá mú ọ̀kan nínú méjì, lọ́jọ́ tí àbá rẹ̀ bá kùnà, kò sí ẹni tí yóò mọ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú wọn là máa ń gbé ìbéèrè kan dìde níhìn-ín. Wọ́n á ní, "A gbà fún orúkọ, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ńkọ́? Ọgbọọgba ni nọ́ńbà inú Àgbẹ̀ àti nọ́ńbà inú Ìwọ̀n, torí pé bí wọn kò bá dọ́gba ìlà wọn kì bá tí so pọ̀. Kí ló dé tí ẹ̀rọ fi tún ń bèèrè ilé wọn?" Ìdáhùn kìíní ni èyí tí mo ti sọ, pé orúkọ ni ó ń wò, kò tí ì wo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìdáhùn kejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsopọ̀ kan wà tí a kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú rẹ̀, nínú èyí tí a ń wí pé kí gbogbo àgbẹ̀ yọjú, ìbáà ṣe ẹni tí ó gbé kòkó wá, ìbáà ṣe ẹni tí òjò ba tirẹ̀ jẹ́ lọ́dún yìí. Àgbẹ̀ tí kò gbé nǹkan wá kò ní ìlà nínú Ìwọ̀n, nítorí náà nọ́ńbà rẹ̀ yóò wà ní apá Àgbẹ̀, òfìfo ni yóò sì wà ní apá Ìwọ̀n. Ẹni tí ó bá mú nọ́ńbà ti Ìwọ̀n yóò rí àgbẹ̀ kan tí kò ní nọ́ńbà, bí ẹni pé a kò bí i sínú ìwé náà rí. Òpó méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ara wọn bí ìbejì.

Ẹni tí ó la ọ̀nà títo àkọsílẹ̀ sínú àtẹ yìí fún aráyé ni Edgar F. Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní ọdún 1923, tí ó wa ọkọ̀ òfurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ó sì wá di olùwádìí fún ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ní San Jose ní Kalifọ́níà. Ní oṣù Òkúdù ọdún 1970 ni ó tẹ àròkọ kan jáde, nínú èyí tí ó ti dábàá pé kí a máa to àkọsílẹ̀ sínú irú àtẹ tí mo ṣàpèjúwe yìí, kí ó má sì jẹ́ dandan fún ẹni tí ó ń bèèrè láti mọ ibi tí ẹ̀rọ gbé nǹkan sí tàbí òpó kẹta ni tàbí ìkarùn-ún, kí ó ṣáà pe òpó lórúkọ. Nínú àròkọ kan náà ni ó ti rí ewu tí ó wà nínú ìpè náà. Ó mú àpẹẹrẹ àtẹ kan wá tí ó ń sọ ẹ̀yà tí ó wà lára ẹ̀yà mìíràn, bí ṣéènì ti wà lára kẹ̀kẹ́. Òpó méjì ni ó jẹ́ ẹ̀yà níbẹ̀, ó sì ní kí a fi orúkọ ipò kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan jẹ́ ẹ̀yà ìsàlẹ̀, kí èkejì jẹ́ ẹ̀yà òkè. Mo ka ibẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sì rántí Ìgbàrà-Òkè àti Ìgbàrà-Odò. Ohun tí àwọn ará ìlú wọ̀nyí fi ẹnu ṣe ni ọ̀mọ̀wé náà ń fi kálàmù ṣe. Ní ọdún 1981, ọdún tí ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́, ni wọ́n fi ẹ̀bùn Turing dá Codd lọ́lá fún iṣẹ́ náà.

Èdè tí a ń fi bèèrè, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce ni ó gbé e kalẹ̀ ní IBM ní ọdún 1974, SEQUEL ni wọ́n sì sọ ọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé orúkọ náà ti jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hawker Siddeley, ni wọ́n bá gé orúkọ náà kúrú, ó di SQL. Èdè tí ń bá wa parí ìjà orúkọ, òun náà ti bá orúkọ jà rí.

Àtúnṣe tí èdè yìí fún wa rọrùn láti sọ. A ó pe ilé mọ́ orúkọ. Dípò "orúkọ" lásán, a ó kọ Àgbẹ̀.orúkọ tàbí Ìwọ̀n.orúkọ, àmì ìdánudúró tí ó wà láàárín wọn sì ń ṣe iṣẹ́ ìdè láàárín ilé àti ọmọ, ilé ni a kọ́kọ́ pè, ọmọ tẹ̀lé e. Orúkọ àpèmọ́lé ni mo ń pe irú èyí. Àpèjúwe ni alágbẹ̀dẹ ń rọ. Ẹ̀rọ tí a bá ṣàpèjúwe tán fún kì í rọ òmíràn fún wa.

Bí orúkọ ilé bá gùn, tàbí tí ìbéèrè náà bá pè é nígbà mẹ́wàá, a lè fún àtẹ ní àlàjẹ́, pé nínú ìbéèrè yìí nìkan ni a ó máa pe Àgbẹ̀ ní "a", tí a ó sì máa pe Ìwọ̀n ní "w". Àlàjẹ́ náà kò yí orúkọ tí ó wà nínú àká padà. Bí ìbéèrè náà bá ti parí, òun náà parí. Ìgbà kan tilẹ̀ wà tí àlàjẹ́ kì í ṣe fàájì mọ́, tí ó di dandan. Ká ní oníṣòwò wa fi òpó kan kún ìwé Àgbẹ̀, tí ó ń sọ nọ́ńbà onígbọ̀wọ́ tí ó mú àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá, onígbọ̀wọ́ náà sì jẹ́ àgbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé kan náà. Bí a bá fẹ́ rí àgbẹ̀ àti onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó ní láti so Àgbẹ̀ pọ̀ mọ́ Àgbẹ̀, àtẹ kan pẹ̀lú ara rẹ̀. Pípe ilé kò ran ni lọ́wọ́ mọ́, ilé kan náà ni méjèèjì ti wá. Ohun tí ìyá ìbejì ń ṣe ni a ó ṣe, tí ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ ọ̀kan: ẹ̀dà kìíní a di "àgbẹ̀", ẹ̀dà kejì a di "onígbọ̀wọ́", àgbẹ̀.orúkọ yóò wá yàtọ̀ sí onígbọ̀wọ́.orúkọ bí ọ̀sán ti yàtọ̀ sí òru.

Títí di ibi tí a dé yìí, ẹ̀rọ ń kọ̀, a sì ń dá a lóhùn. Kíkọ̀ rẹ̀ kò dẹ́rù bà mí. Ohun tí ó ń dẹ́rù bà mí ni ibi tí ó ti yẹ kí ó kọ̀, tí kò kọ̀.

Ọ̀lẹ lè kọ ìbéèrè rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìràwọ̀, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "kó gbogbo òpó wá". Níwọ̀n ìgbà tí kò ti dá orúkọ òpó kankan pè, ẹ̀rọ kò ní ohun tí yóò kọ̀ sí. Yóò kó òpó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wá, orúkọ méjì, ìlú méjì, ọjọ́ méjì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà. Lójú wa, kò sí ewu, nítorí pé ojú ń rí méjèèjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú wa ni èsì náà sábà máa ń lọ, ọ̀dọ̀ ètò kọ̀ǹpútà mìíràn ni, èyí tí yóò fi tẹ rìsíìtì tàbí tí yóò fi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ètò yìí máa ń to èsì sínú dúrọ́ọ̀, dúrọ́ọ̀ kan fún orúkọ òpó kan. Ó gbé "orúkọ" kìíní dé, ó ṣí dúrọ́ọ̀ tí a kọ "orúkọ" sí, ó fi Táíwò sí i. Ó gbé "orúkọ" kejì dé, dúrọ́ọ̀ kan náà ni ó bá, ó yọ Táíwò sọnù, ó fi Kẹ́hìndé sí ipò rẹ̀. Ìwé ìtọ́nisọ́nà èdè PHP, tí a fi ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀, sọ ọ́ kedere pé òpó ìkẹyìn ni yóò borí. Àwọn tí ó ṣe ohun èlò pandas fún èdè Python rí i ṣáájú, ohun èlò náà a máa fi àfòmọ́ kún ìparí orúkọ tí ó bá forí gbárí, _x fún ti òsì, _y fún ti ọ̀tún. Ó ya ìbejì náà sọ́tọ̀ nítòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò rántí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé _y ni akọ̀wé?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn àgbọ́sọ fún mi. Nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́ yìí, mo bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan ṣe ètò tí ń tẹ rìsíìtì, ìràwọ̀ ni mo sì fi kó òpó gbogbo. Rìsíìtì jáde dáadáa, lẹ́tà rẹ̀ mọ́ gaara, iye kílò pé, iye owó pé. Lọ́jọ́ kẹta ni màmá àgbàlagbà kan dé, ó ti ká rìsíìtì náà sí mẹ́rin sí eteetí ìró rẹ̀, ó tú u, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì fún mi, ó fi ìka tí ọ̀bẹ kòkó ti gé lójú àpá le orúkọ tí ó wà lókè, ó ní, "Ọmọ mi, ọmọ ọmọ mi ló kà á fún mi. Ta ni ẹni tí ó ń jẹ́ báyìí, tí ẹ ní òun ló ni kòkó mi?" Akọ̀wé òṣùwọ̀n ni. Orúkọ rẹ̀ ni ó wà lórí gbogbo rìsíìtì tí mo ti tẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta wá. Owó kò ṣìnà, ọpẹ́ ni, nítorí pé nọ́ńbà ni a fi san án; síbẹ̀ màmá náà ti fi òru méjì rò pé a ti gba oko òun. Mo bẹ̀ ẹ́, mo dọ̀bálẹ̀, mo tẹ òmíràn fún un lójú ẹsẹ̀, ó sì dúró títí mo fi ka orúkọ rẹ̀ sókè.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pe òpó kọ̀ọ̀kan tí mo bá ń fẹ́ lórúkọ àti ilé, tí mo sì tún ń fún un ní àlàjẹ́ tí yóò jẹ́ jáde kúrò nínú ìsopọ̀, nípa lílo ọ̀rọ̀ kékeré AS: Àgbẹ̀.orúkọ yóò jáde gẹ́gẹ́ bí orúkọ_àgbẹ̀, Ìwọ̀n.orúkọ yóò jáde gẹ́gẹ́ bí orúkọ_akọ̀wé, olúkúlùkù yóò sì bá dúrọ́ọ̀ tirẹ̀. Àwọn kan ń wí pé kí a kúkú kọ orúkọ gígùn bẹ́ẹ̀ sórí òpó láti inú àtẹ wá, kí ìjà má tilẹ̀ ṣẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn lórí nọ́ńbà tí ó jẹ́ kọ́kọ́rọ́, torí pé kọ́kọ́rọ́ ni ó ń rìn láti ilé dé ilé. Lórí ìyókù, èmi kò rí ìdí tí ìyá kan yóò fi máa pe ọmọ rẹ̀ ní "Táíwò ọmọ ilé yìí" nínú ilé yìí kan náà. Ìgbà tí ó bá jáde ni orúkọ ilé yẹ ẹ́.

Ọgbọ́n kan tún wà tí ó dà bí ìrọ̀rùn, tí ó sì le ju ìràwọ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n tún òfin SQL ṣe ní ọdún 1992, wọ́n fi ìsopọ̀ kan kún un tí wọ́n ń pè ní NATURAL JOIN, èyí tí ń sọ fún ẹ̀rọ pé kí òun fúnra rẹ̀ wo òpó tí orúkọ wọn bá jọra, kí ó fi gbogbo wọn ṣe kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá jẹ́ pé òpó nọ́ńbà nìkan ni ìwé méjèèjì jọ ní, yóò ṣiṣẹ́ bí ẹni lálàá. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọdún méjì, tí akọ̀wé wá fi òpó "ọjọ́" kún ìwé kìíní ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí "ọjọ́" ti wà nínú ìwé kejì láti ìpilẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ yóò máa wá ìlà tí nọ́ńbà wọn dọ́gba, tí ọjọ́ wọn sì dọ́gba: àgbẹ̀ tí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ gan-an ni ó ta kòkó. Kò ní í rí ju ẹyọ kan sí méjì lọ, bóyá kò tilẹ̀ ní í rí ẹnikẹ́ni. Kò sì ní í sọ pé nǹkan bàjẹ́, nítorí pé lójú rẹ̀ kò sí ohun tí ó bàjẹ́. A ní kí ó wá, ó wá, kò rí. Òfin ọdún náà fún wa ní èyí tí ó sàn jù, USING, nínú èyí tí a ó dárúkọ òpó tí a fẹ́ fi ṣe kọ́kọ́rọ́ gan-an. Ẹ̀rọ yóò pa òpó méjì náà pọ̀ di ọ̀kan, a ó sì lè pè é láìpe ilé. Òpó tí a kò dárúkọ, ilé rẹ̀ ṣì ń bẹ lórí rẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ oníkòkó nìkan ni èyí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé ọdún 2014 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà àti àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2020 ni ìjọba pàṣẹ pé kí a so NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti orílẹ̀-èdè, olúkúlùkù mọ́ síìmù fóònù rẹ̀, tí èrò sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ibi tí wọ́n ti ń gba NIN káàkiri ilẹ̀ yìí. Ìsopọ̀ àtẹ ni, ní ìwọ̀n orílẹ̀-èdè. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ṣe kọ́kọ́rọ́, kì í ṣe orúkọ, ẹni tí ó bá sì ka iye Táíwò tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ nìkan yóò mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí: ẹyọ nọ́ńbà 11 ni NIN, 11 ni BVN, 11 náà ni nọ́ńbà fóònù wa. Bí akọ̀wé mẹ́ta, nínú ọ́fíìsì mẹ́ta, bá pe òpó wọn ní "nọ́ńbà", ojú lásán kò lè fi ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, ẹ̀rọ kò sì ní í kọ̀ láti fi BVN wá NIN bí a bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Gígùn wọn dọ́gba, orúkọ wọn dọ́gba. Ìgbà tí ó bá yẹ kí ìlà so pọ̀ tí kò so ni a ó mọ̀.

Ewu kan ni ó kù, òun ni mo sì ń bẹ̀rù jù lọ. A lè fi ìbéèrè kan sínú ìbéèrè mìíràn, bí yàrá ti wà nínú ilé. Òfin ẹ̀rọ ni pé bí a bá pe orúkọ kan nínú yàrá, yóò kọ́kọ́ wá a nínú yàrá náà. Bí kò bá sí níbẹ̀, yóò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti wá a, bí ẹni tí ń jẹ́ orúkọ náà bá sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun ni yóò dáhùn. Oníṣòwò wa ní ìwé kẹta, Olóògbé, tí ó ń kọ àwọn àgbẹ̀ tí ó ti kú sí, òpó tí nọ́ńbà wọn wà níbẹ̀ ni ó sì pè ní nọ́ńbà_àgbẹ̀. Ó fẹ́ yọ wọ́n kúrò nínú ìwé Àgbẹ̀. Ó wí fún ẹ̀rọ pé kí ó pa gbogbo ìlà Àgbẹ̀ tí nọ́ńbà wọn bá wà lára "nọ́ńbà" tí a mú láti inú Olóògbé rẹ́. Ó gbàgbé pé kò sí "nọ́ńbà" nínú Olóògbé. Ẹ̀rọ wá a nínú yàrá, kò rí i, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bá nọ́ńbà ti Àgbẹ̀ níbẹ̀, ó sì mú un. Ìbéèrè náà ti wá di pé: ṣé nọ́ńbà àgbẹ̀ yìí dọ́gba pẹ̀lú ara rẹ̀? Ó dọ́gba, fún ẹni kìíní, fún ẹni kejì, fún gbogbo wọn, alààyè àti òkú, bí Olóògbé bá ṣáà ti ní ẹyọ ìlà kan. Ẹ̀rọ pa gbogbo wọn rẹ́ láìwí nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ pé Olóògbé.nọ́ńbà ni ó kọ, ẹ̀rọ ìbá ti dáhùn pé kò sí ọmọ tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé náà, ìwé Àgbẹ̀ ìbá sì wà síbẹ̀.

Igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí n tó ní kí ẹ̀rọ pa ohunkóhun rẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ ní kí ó kà á fún mi: àgbẹ̀ mélòó ni ìbéèrè yìí yóò mú? Mo mọ̀ pé mẹ́rin ni ó kú lọ́dún yìí. Bí ó bá dáhùn pé mẹ́rin, mo tẹ̀ síwájú. Bí ó bá dáhùn pé 612, tí í ṣe iye gbogbo àgbẹ̀ inú ìwé, mo gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọọ̀dù, mo padà lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìbéèrè mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi orúkọ kọ̀ọ̀kan léèrè ilé rẹ̀.